Ìpele Ilẹ̀ lábẹ́ Ilé: Àbá Ọ̀rọ̀ Ìperí fún Ìmọ̀ Ìwalẹ̀pìtàn láti Agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀

1. Ìfáárà

Ẹni tí ó máa ń kọ́kọ́ rí ohun àtijọ́ tí ó wà nínú ilẹ̀ kì í sábà jẹ́ ọ̀mọ̀wé. Lébìrà ni, tàbí bíríkìlà, tàbí onílé fúnra rẹ̀ tí ó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, kànga tàbí ṣáláńgá. Ní ilẹ̀ Yorùbá, èdè Yorùbá ni irú àwọn bẹ́ẹ̀ ń sọ lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó yẹ kí ó darí ọwọ́ wọn ní wákàtí tí dígà bá kan ohun àjèjì, èdè mìíràn ni a fi kọ ọ́. Ohun tí ó bí àpilẹ̀kọ yìí nìyẹn.

Ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ni ìmọ̀ tí ó ń fi ohun tí àwọn ènìyàn àtijọ́ fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀ ṣe ìwádìí nípa ìgbésí ayé wọn. Awalẹ̀pìtàn ni ẹni tí ó mọ ìmọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ti wọ ẹnu àwọn òǹkọ̀wé, a kò ní í jà lórí wọn. Ohun tí ó kù ni pé, yàtọ̀ sí orúkọ ìmọ̀ náà, àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó fi ṣe é lójú iṣẹ́ kò tí ì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ní 1970, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, ó hàn sí gbogbo ènìyàn pé ọmọ lè kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní èdè Yorùbá bí a bá ti wá ọ̀rọ̀ tí ó yẹ fún un. Bí ó ti rí fún ọmọ ilé-ìwé, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún òṣìṣẹ́ tí ó wà nínú kòtò.

Ohun mẹ́ta ni a óò ṣe níhìn-ín. A óò kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ilẹ̀ ṣe ń pele lé ara wọn lábẹ́ ilé. Lẹ́yìn náà, a óò yẹ ọ̀rọ̀ agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ wò, kí á sì fi í wé àwọn ibòmíràn ní ìlú náà tí a ti gbẹ́ pẹ̀lú ìmọ̀. Ní ìparí, a óò dábàá àwọn ọ̀rọ̀ ìperí tí ó bá iṣẹ́ náà mu.

2. Kí ni ìpele ilẹ̀?

Kí á mú àpẹẹrẹ kan láti Èkó. Ká ní ẹnì kan ra ilé àtijọ́ kan ní Abúlé Òkúta, ní agbègbè Ṣómólú àti Bàrígà, tí ó sì wó o láti fi ilé alájà rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí àwọn lébìrà bá ti gbẹ́ kòtò ìpìlẹ̀ tán, kí onílé bẹ̀rẹ̀ kí ó wo ẹ̀gbẹ́ kòtò náà dáadáa. Ó lè rí i pé kọnkéré ilé tí a wó ni ó wà lókè pátápátá. Lábẹ́ rẹ̀ ni iyanrìn tí a fi kún ilẹ̀ kí omi má baà dúró. Lábẹ́ iyanrìn ni ilẹ̀ dúdú tí ó kún fún èédú, eegun ẹran àti àpáàdì, èyí tí í ṣe ààtàn àwọn tí ó ti gbé ibẹ̀ rí. Lábẹ́ ààtàn ni ilẹ̀ tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn rí. Àwọ̀ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, bí ó ti le tó sì yàtọ̀. Olúkúlùkù àwọn ilẹ̀ yìí ni à ń pè ní ìpele.

Òfin tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ìmọ̀ yìí kò ṣòro. Bí a bá kó aṣọ sínú àpótí, èyí tí a kọ́kọ́ fi sí i ni ó máa wà nísàlẹ̀. Bákan náà ni ìpele: èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó ṣáájú èyí tí ó wà lókè rẹ̀ dé ibẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbẹ́ ilẹ̀ ní ìpele-ìpele ń ka ìtàn láti ẹ̀yìn wá sí iwájú ni. Ẹni tí ó bá gbẹ́ ẹ ní wàdùwàdù ń ya ìwé náà kí ó tó kà á.

Àpẹẹrẹ irú èyí wà ní gbogbo àgbáyé. Ní ìlú Róòmù, ilé ìjọsìn San Clemente tí a kọ́ ní ọ̀rúndún kejìlá dúró lórí ilé ìjọsìn mìíràn ti ọ̀rúndún kẹrin. Lábẹ́ ìyẹn ni a tún ti rí àwọn ilé ará Róòmù ti ọ̀rúndún kìíní. Òkúta àti bíríkì ni wọ́n fi kọ́ àwọn yẹn, nítorí náà ògiri wọn ṣì dúró. Lọ́dọ̀ tiwa, amọ̀ ni. Bí òrùlé ilé alámọ̀ bá ti jìn, òjò a máa rọ̀ sórí ògiri. Ògiri a di àlàpà. Àlàpà a di òkìtì. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún ibẹ̀ kọ́ a tẹ́ òkìtì náà pẹrẹsẹ, a sì gbé tirẹ̀ kà á lórí. Ilé ti àná di ilẹ̀ ti òní. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àwọ̀ àti líle erùpẹ̀ ni a ó máa wò kí á tó lè mọ ibi tí ògiri àtijọ́ gbà kọjá, tí ojú tí kò bá mọ̀ ọ́n wò kò ní í rí nǹkan kan níbẹ̀ ju erùpẹ̀ lọ.

3. Agboolé Wúnmọníjẹ̀, 1938

Ní oṣù kìíní ọdún 1938, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Agboolé náà kò jìnnà sí ààfin Ọọ̀ni, àwọn onímọ̀ sì gbà pé inú ọgbà ààfin ni ilẹ̀ rẹ̀ wà ní ayé àtijọ́. Kòtò náà kò tí ì jìn tó mítà kan tí wọ́n fi kan orí ènìyàn tí a fi bàbà àti idẹ dà. Kí ọdún náà tó parí, ère tí ó jáde láti inú ilẹ̀ agboolé náà ti pé 18, orí ènìyàn sì ni púpọ̀ jù lọ nínú wọn. Wọ́n tóbi tó orí ènìyàn gidi tàbí kí wọ́n súnmọ́ ọn. Iṣẹ́ ọnà wọn dára tó bẹ́ẹ̀ tí òkìkí Ifẹ̀ fi kàn ká gbogbo ayé.

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ère náà wà ní ààfin lọ́dọ̀ Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, títí a fi ṣí musíọ́ọ̀mù Ifẹ̀ ní 1954. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ni ó dúró sílé. Ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ olóòtú ìwé ìròyìn kan tí ń jẹ́ Henry Maclagan Bates, ó sì dé musíọ́ọ̀mù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, níbi tí ó wà di òní. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ra méjì. Ó dá wọn padà ní 1950. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba gbé ilé-iṣẹ́ tí ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kalẹ̀ ní 1943, tí ó sì ṣe òfin nípa wọn ní 1953.

Ọ̀rọ̀ nípa orí tí ó sọdá òkun ni àwọn ènìyàn máa ń sọ jù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àdánù kejì wà tí a kì í sábà dárúkọ, òun sì ni ó kan àpilẹ̀kọ yìí. Awalẹ̀pìtàn kankan kò sí níbẹ̀ nígbà tí àwọn ère náà jáde. A kò ya àwòrán ẹ̀gbẹ́ kòtò náà. A kò ya ìpele kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, a kò sì tọ́jú èédú àti àpáàdì tí ó bá àwọn orí náà jókòó pọ̀. Ṣé kòtò kan ṣoṣo ni a gbẹ́ láti rì wọ́n mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan? Ṣé ojúbọ kan ni ó wó lé wọn lórí? Ṣé ibòmíràn ni a ti kó wọn wá nígbà ogun? Ìpele ilẹ̀ ìbá ti dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orí wà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ó jókòó sí nínú ilẹ̀ ti tú ká. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn lórí ọjọ́-orí wọn àti ìlò wọn kò fi tí ì tán pátápátá.

A kò sọ èyí láti dá àwọn lébìrà lẹ́bi. Iṣẹ́ tí a gbà wọ́n sí ni wọ́n ń ṣe. Ìmọ̀ tí ì bá ràn wọ́n lọ́wọ́ ni kò ní ẹnu láti bá wọn sọ̀rọ̀.

4. Ibi tí ìpele ti sọ̀rọ̀

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1957, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Ìta Yemòó ní Ifẹ̀ kan náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ́ ilẹ̀ láti kọ́lé, wọ́n sì kan àwọn ère idẹ, lára èyí tí ère Ọọ̀ni kan wà tí ó dúró pẹ̀lú ẹ̀wù àti ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ lọ́rùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ìmọ̀ dé ibẹ̀. Frank Willett, tí ó di awalẹ̀pìtàn ìjọba ní Ifẹ̀ láti 1958 títí di 1963, gbẹ́ ilẹ̀ náà ní ìpele-ìpele. Ó tọ́jú èédú tí ó wà nínú àwọn ìpele náà, a sì fi ìṣirò kábọ́ọ̀nù 14 wá ọjọ́-orí rẹ̀. Àbájáde rẹ̀ tọ́ka sí nǹkan bí ọ̀rúndún kẹwàá sí ìkejìlá.

Ó yẹ kí á ṣàlàyé ìṣirò náà ní ṣókí. Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ni ó ń gba kábọ́ọ̀nù 14 sínú: igi ń gbà á láti inú afẹ́fẹ́, ẹranko àti ènìyàn ń gbà á láti inú oúnjẹ. Bí igi bá ti kú, kò gba òmíràn mọ́, èyí tí ó wà nínú rẹ̀ a sì máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Ní nǹkan bí 5,730 ọdún, ìdajì rẹ̀ yóò ti lọ. Bí a bá wọn èyí tí ó kù nínú èédú, a ó mọ ìgbà tí igi náà kú. Ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò lè sọ ìgbà tí a sin ère, àfi bí a bá mọ̀ dájú pé èédú àti ère jọ wà nínú ìpele kan náà. Láìsí ìpele, ọjọ́-orí èédú kò kan ère rárá.

Ohun mìíràn tí ìpele fi hàn ní Ifẹ̀ ni ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́. Àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ a máa to àpáàdì ní òró, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè, ní ìlà-ìlà tí ó dà bí eegun ẹja. Nígbà mìíràn wọn a máa fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun ṣe ọnà sí àárín rẹ̀. Ìtàn ìlú sọ pé Ọọ̀ni obìnrin, Lúwòó, ni ó pàṣẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Peter Garlake ti Yunifásítì Ifẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ Ọbalárá ní 1971 sí 1972, ọjọ́-orí tí ó rí bọ́ sí àárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹrìnlá. Ògiri amọ̀ ti yọ́, ṣùgbọ́n ibi tí àpáàdì bá ti pin gbọnrangandan, a lè mọ̀ pé ògiri ni ó dúró níbẹ̀ rí. Nípa bẹ́ẹ̀, ìtẹ́lẹ̀ ń sọ ibi tí iyàrá wà àti ibi tí àkòdì wà tí òjò ń rọ̀ sí láàárín ilé. Ilé tí kò ní ògiri mọ́ tún ní àwòrán.

Ẹ̀rí kẹta ni ti Igbó Olókun. Ibẹ̀ ni Leo Frobenius ará Jámánì dé ní 1910, tí ó rí orí idẹ tí ó fi sọ pé àjẹkù ìlú Atlantis ni ọnà Ifẹ̀, bí ẹni pé ọmọ ilẹ̀ yìí kò lè ṣe é. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, Abídèmí Babátúndé Babalọlá gbẹ́ ilẹ̀ ní Igbó Olókun kan náà. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó lé ní 12,000, ó sì rí àfọ́kù ìkòkò tí a fi ń yọ́ gíláàsì àti pàǹtí iṣẹ́ náà. Àwọn ohun wọ̀nyí tọ́ka sí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n sì fi hàn pé ní Ifẹ̀ gan-an ni a ti ń ṣe gíláàsì tí a fi rọ ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ìlẹ̀kẹ̀ lásán kò lè jẹ́rìí bẹ́ẹ̀, nítorí a lè sọ pé oníṣòwò ni ó gbé e wá. Pàǹtí tí ó bá a jókòó ni ó jẹ́rìí.

5. Ohun tí ó ń da ìpele rú

Òfin pé ìsàlẹ̀ ṣáájú òkè ní ìdènà mẹ́ta tí ó yẹ kí olùkọ́ tẹnu mọ́.

Èkíní ni kòtò. Ẹni tí ó gbẹ́ kànga lónìí gé ìpele ìgbà àtijọ́ kọjá. Ìgò tí ó bá já bọ́ sínú kànga náà yóò wà nísàlẹ̀ ju ìkòkò àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò dàgbà jù ú. Orí kòtò, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ẹ, ni a fi ń mọ ìgbà rẹ̀. Kì í ṣe ìdí rẹ̀.

Èkejì ni amọ̀ ìkọ́lé. A máa ń gbẹ́ amọ̀ láti inú ilẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ti gbé lórí rẹ̀ rí. Àpáàdì tí ó wà nínú amọ̀ náà a bá a wọ inú ògiri. Nígbà tí ògiri bá wó, àpáàdì tí ó ti darúgbó a wá jókòó sórí ìpele tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ní Ifẹ̀ ni èyí wọ́pọ̀ jù, nítorí pé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun lé àwọn ará ìlú kúrò nílé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tí wọ́n padà, àlàpà àti ahoro ni wọ́n tún gbẹ́ láti fi kọ́lé.

Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀ tí a bu láti ibòmíràn fi kún ibi tí ó jìn. Ohun tí ó wà nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè sọ ìtàn ibi tí a kó o sí. Ẹni tí ó bá rí àpáàdì nínú iyanrìn tí a fi kún ilẹ̀ ní Abúlé Òkúta kò gbọdọ̀ yára sọ pé àwọn amọ̀kòkò gbé Abúlé Òkúta rí.

6. Àbá ọ̀rọ̀ ìperí

Ìlànà tí a tẹ̀ lé ni pé, bí ọ̀rọ̀ bá wà lẹ́nu àwọn kọ́lékọ́lé, àwọn amọ̀kòkò tàbí àwọn àgbẹ̀, òun ni kí á mú, kí á sì fún un ní ààlà tí ó ṣe déédéé. Níbi tí kò bá ti sí ni a ti so ọ̀rọ̀ pọ̀.

Ìpele ilẹ̀: ilẹ̀ kan ṣoṣo tí àwọ̀ rẹ̀, líle rẹ̀ àti ohun inú rẹ̀ fi yàtọ̀ sí èyí tí ó wà lókè tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ gbogbo wọn lápapọ̀, a dábàá ètò ìpele.

Ẹ̀gbẹ́ kòtò: ojú ilẹ̀ tí ó dúró ṣánṣán nínú kòtò, níbi tí a ti ń ka ìpele. Bí àwọn bíríkìlà ṣe ń pè é náà nìyẹn.

Ibùjókòó: ibi tí ohun kan wà gan-an nínú ilẹ̀, pẹ̀lú ìpele tí ó wà nínú rẹ̀ àti àwọn ohun tí ó bá a wà níbẹ̀. Àwọn kan lè fẹ́ lo àyíká. A kò fara mọ́ ọn, nítorí ohun tí ó yí nǹkan ká nìkan ni àyíká ń sọ. Bí ìjókòó àwọn ìjòyè níwájú ọba ṣe ń fi ipò olúkúlùkù hàn, bẹ́ẹ̀ ni ibùjókòó ohun ṣe ń fi ìtumọ̀ rẹ̀ hàn.

Àlàpà: ìpele tí ó ti ara ògiri wíwó wá. Ahoro ni kí á fi sílẹ̀ fún gbogbo ibùdó tí a kọ̀ sílẹ̀.

Ààtàn: ìpele tí ó ti ara pàǹtí ilé wá. Ọ̀rọ̀ yìí kò níláti ní àfikún kankan. Gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n.

Ìtẹ́lẹ̀ àpáàdì: ilẹ̀ tí a to àpáàdì sí. Kí á má ṣe pè é ní àpáàdì lásán, nítorí àpáàdì tí ó fọ́n ká sínú ààtàn kì í ṣe iṣẹ́ ọnà.

Kòtò agépele: kòtò tí ó gé ìpele tí ó ṣáájú rẹ̀ kọjá. Àkúndí ni kí á pe erùpẹ̀ tí ó padà kún inú rẹ̀ tí ó sì dí i.

Ohun aṣípò: ohun tí ó ti kúrò ní ibùjókòó rẹ̀ àkọ́kọ́ bọ́ sínú ìpele mìíràn, bí àpáàdì inú amọ̀ ògiri.

Ìpele àdàlù: ìpele tí ohun ìgbà púpọ̀ ti pò mọ́ ara wọn nínú rẹ̀ tí a kò lè yà wọ́n mọ́. Bí ẹ̀wà àti àgbàdo ṣe rí nínú oúnjẹ tí ó fara jọ ọ́ lórúkọ, a ṣì lè mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n a kò lè mọ èyí tí ó kọ́kọ́ wọ ìkòkò.

Ilẹ̀ àìfọwọ́kàn: ilẹ̀ ìsàlẹ̀ pátápátá tí kò sí àmì ènìyàn nínú rẹ̀. Bí a bá dé ibẹ̀, iṣẹ́ tán.

Ìwalẹ̀ ìdóòlà: gbígbẹ́ ilẹ̀ kíákíá pẹ̀lú ìmọ̀ níbi tí iṣẹ́ ilé tàbí ọ̀nà ti fẹ́ ba ìpele jẹ́. Iṣẹ́ Ìta Yemòó ni àpẹẹrẹ rẹ̀.

7. Ìlò àwọn ọ̀rọ̀ náà àti ìkádìí

Ọ̀rọ̀ ìperí tí kò bá kúrò nínú ìwé kò tí ì di ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí á wò ó bí a ṣe lè fi àwọn tí a dá lábàá yìí kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ bíríkìlà. Bí dígà bá kan ohun àtijọ́, ẹ dá iṣẹ́ dúró níbẹ̀. Ẹ má ṣe fà á yọ, ẹ má sì fọ̀ ọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ ní ibùjókòó rẹ̀. Ẹ fi téèpù wọn bí ó ti jìn tó láti ojú ilẹ̀. Ẹ ya àwòrán ẹ̀gbẹ́ kòtò kí òjò tó bà á jẹ́. Bí ohun kan bá ti jáde kí ẹ tó mọ̀, ẹ má ṣe da ti ìpele kan pọ̀ mọ́ ti èkejì. Kí olúkúlùkù wà nínú ọ̀rá tirẹ̀ pẹ̀lú àmì. Lẹ́yìn náà, ẹ ránṣẹ́ sí musíọ́ọ̀mù. Òfin ọdún 1979 tí ó dá àjọ musíọ́ọ̀mù àti ohun ìrántí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà sílẹ̀ ti sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tí ó bá rí irú ohun bẹ́ẹ̀ fi tó àwọn aláṣẹ létí. Gbogbo ìlànà yìí kò ju ìpínrọ̀ kan lọ, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí lébìrà kò lè lóye.

Kí á má sì gbàgbé pé ilé tí ó dúró lókè náà jẹ́ ìpele. Ní gbàgede Tinúbú ní Èkó, ilé Fernandez tí a tún mọ̀ sí Ilójọ, èyí tí a kọ́ ní nǹkan bí 1855, jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. A wó o lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ìkéde ìjọba nìkan kò lè dáàbò bo ilé bí àwọn tí ó wà láyìíká rẹ̀ kò bá mọ ohun tí ó jẹ́ àti ohun tí ó lè wà lábẹ́ rẹ̀.

Ní Wúnmọníjẹ̀, ère wà, ìpele lọ. Ní Ìta Yemòó, ère wà, ìpele náà wà lákọsílẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe ti ọrọ̀ ilẹ̀ tàbí ti òye àwọn tí ó mú dígà lọ́wọ́, bí kò ṣe ti ìmọ̀ tí ó dé ibẹ̀ lásìkò. Bí àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá níhìn-ín bá lè mú kí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lẹ́nu òṣìṣẹ́ kí awalẹ̀pìtàn tó dé, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ wọn. A ń retí èrò àwọn onímọ̀ èdè, àwọn awalẹ̀pìtàn, àti ní pàtàkì àwọn bíríkìlà, lórí èyí tí ó yẹ kí á tún ṣe nínú wọn.